Wọ́n Ní Mo Fi Òfo Kún Dísìkì

Òfo! Súlè, mo ní òfo! Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn: "Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí fi òfo kún dísìkì kọ̀ńpútà ilé ìgbẹ̀bí yìí." Gbé jáàkì yẹn sílẹ̀ ná, táyà ò ní sá lọ, kí o gbọ́ ohun tí ojú ọ̀rẹ́ ẹ ń rí lódìkejì títì yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́jú kọ̀ńpútà fún wọn níbẹ̀. Lónìí ọjọ́ Ẹtì, Mátírọ̀nù Àrìnpé ní bó bá di aago mẹ́rin tí mi ò tíì kọ̀wé pé àwàdà ni mo fi àwọn ṣe, àwọn á tẹ ìdádúró oṣù mẹ́ta fún mi sínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí dísìkì yẹn kan náà. Oṣù mẹ́ta! Aago mélòó lo ní? Mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. O rí i? O rí ayé mi?

Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ẹ̀n? Ṣé àwàdà ni àbí kì í ṣe àwàdà? Ìwọ náà ń bi mí, Sùlàímọ́nù, ìwọ tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan! Ó dáa, mú sípánà yẹn wá. Mo ní mú un wá! Ògúnjìmí ni mò ń jẹ́, mo fi ẹnu kan irin, bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, kí irin má ṣe mí lóore mọ́ láyé. Túẹ̀! Gírísì wà lára ẹ̀, o ò sì sọ fún mi.

Wò ó, èmi kì í sẹ́ àwàdà. Ta ló gbọ́ ọ rí pé mo ṣe é tí mo sẹ́? Ẹ̀rọ omi tútù tí wọ́n gbé sí kọ̀rídọ̀, ta ló lẹ ìwé mọ́ ọn pé "Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ Yorùbá, ẹ kí i kí ẹ tó bu omi"? Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kí ẹ̀rọ omi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró o, Mátírọ̀nù fúnra wọn a máa tẹ orúnkún díẹ̀ nítorí wọ́n ní ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n bi mí, ṣé mo sẹ́? Mo ní èmi ni, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀pọ̀lọ́ oníke tó fò jáde nínú páálí ìbọ̀wọ́, èmi ni. Ẹni tó bá ń ṣàwàdà tó tún ń sẹ́, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò ṣe, tí wọ́n wá ní kí n gbà pé mo ṣe é, kí la ń pe ìyẹn? Kí la ń pè é, Súlè?

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o má baà sọ pé mò ń já ọ̀rọ̀ jẹ. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ lónìí, lọ́la ìyá àgbà ọmọ á wá kì í ní oríkì, a ó ká gbogbo ẹ̀ sí fídíò, a ó sì tọ́jú ẹ̀ pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ ọmọ náà. Mátírọ̀nù ló dá a sílẹ̀, ó sì dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Òjòó, wọ́n ń ti Ṣakí lọ́hùn-ún wá bímọ lọ́dọ̀ wa nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí ìyá àgbà tó mọ ìgbà tí oríkì ń parí? Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ o, ẹni tó tẹ abúlé dó ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú! Ọmọ sùn, ó jí, ó mu ọmú, ó tún sùn. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí ni bàbá àgbà wọlé, wọ́n ní rárá o, Àlàbí kọ́ ló ṣáájú, Àjàní ni, ni ìyá bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mátírọ̀nù sì ti pàṣẹ pé kí kámẹ́rà máa ká a ní èyí tó mọ́ jù lọ, tó sì wúwo jù lọ, nítorí "a gbọ́dọ̀ rí ilà ojú wọn". Ilà ojú! Súlè, àbàjà ìyá kan ṣoṣo gba àyè ju orúkọ gbogbo ọmọ tí a ti bí láti ọdún márùn-ún lọ.

Dísìkì tó ń gbé gbogbo ẹ̀ ńkọ́? Kò tó páálí bisíkíìtì. Kì í wú, kì í fẹ̀, ohun tó lè gbà náà ló lè gbà. Nínú ẹ̀ ni détábéèsì wà, èmi a máa pè é ní akọ̀wé, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe: o fún un ní orúkọ ọmọ, aago tí wọ́n bí i, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, ó tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ tí o bá bèèrè, ó kà á fún ọ. Akọ̀wé yẹn ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn. Bí o bá fún un ní nǹkan, kò ní já lu ìwé ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ìwé pélébé kan tó máa kọ́kọ́ kọ ọ́ sí wàràwàrà, pé lágbájá bí ọkùnrin ní aago mẹ́jọ, ìgbà tó bá kọ ìyẹn tán ló tó máa sọ fún ọ pé òun ti gbà á. Lẹ́yìn náà ló máa fara balẹ̀ dà á kọ sínú ìwé ńlá. Kí iná lọ láàárín, kí jẹnẹrétọ̀ kú, bó bá ti jí, ìwé pélébé yẹn ló máa kọ́kọ́ wò. Ṣé ìwọ náà kì í fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà mọ́tò sára táyà kí o tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ọgbọ́n kan náà ni.

Wàyí o, bí àyè bá tán pátá, tí kò sí ibi tó máa kọ ìwé pélébé náà sí? Àwọn akọ̀wé burúkú wà o, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ọ, mo ti gbà á, mo ti gbà á, ọjọ́ tí o bá bèèrè, ọmọ ọlọ́mọ ò sí nínú ìwé. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa á ní kò sí àyè, òun ò gbà. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bèèrè ẹ̀ wò, ó máa kà á fún ọ, ṣùgbọ́n tuntun, ó dìgbà tí àyè bá yọ. Olóòótọ́! Nínú gbogbo Ìbàdàn yìí, mélòó nínú wa ló lè sọ pé ó ti kún nígbà tó bá kún? Lọ wo àwọn onímọ́tò ní Challenge, èèyàn márùn-ún lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, wọ́n ṣì ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!

Mo sì kìlọ̀. Háà, mo kìlọ̀! Mo ṣírò ẹ̀, mo rí i pé ọjọ́ mọ́kànlá ló kù, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà yàrá àkọsílẹ̀: "DÍSÌKÌ Ń KÚN LỌ. Ó KU ỌJỌ́ MỌ́KÀNLÁ." Lọ́jọ́ kejì mo pa á rẹ́, mo kọ mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí àwọn èèyàn mi rò? Àwọn kan ní ọjọ́ ìbí mi ló ń bọ̀. Àwọn kan ní rárá, nǹkan kan ló fẹ́ bú mọ́ wa lójú lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ. Nígbà tó fi máa ku ọ̀la, nọ́ọ̀sì ò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá mọ́. Lọ́jọ́rú tó di òdo, mo wọlé báyìí, wọ́n ti tò sí kọ̀rídọ̀, Mujeebat tó ń tẹ orúkọ ọmọ sínú ẹ̀rọ gbé kéèkì dání. Kéèkì, Súlè! Orúkọ mi wà lára ẹ̀! Mo jẹ ẹ́ o. Kéèkì ò ṣẹ̀ mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òfo ti wá nìyí, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n ra dísìkì yẹn gan-an ni mo ti gbé fáìlì kan sínú ẹ̀, fáìlì ràgàjì, tí kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀. Òfo lásán láti òkè délẹ̀. Mo sọ ọ́ ní "Àyè Àlejò". Láti Poli ni wọ́n ti kọ́ wa, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìdí ni pé bí dísìkì bá kún dẹ́nu, akọ̀wé ò ní ráyè mí, kò ní ráyè palẹ̀ mọ́ pàápàá. Lọ́jọ́ náà, o kàn máa pa òfo yẹn rẹ́ ni, àyè á yọ, akọ̀wé á mí, ẹ ó wá ríbi tún ilé ṣe. Ìwọ tí o jẹ́ onítáyà, kí ni iṣẹ́ táyà kan tó máa ń wà nínú búùtù? Ṣé ó ń yí ni? Kò yí, kò gbé ẹrù, ó kàn sùn síbẹ̀ tó gbàyè. Kí ẹnì kan wá ṣí búùtù, kó ní ẹ wo táyà ọ̀lẹ yìí, kó jù ú sígbó, kó fi àpò gàrí sípò ẹ̀!

Ohun tí Mátírọ̀nù ṣe nìyẹn! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ jẹun, wọ́n wọ yàrá àkọsílẹ̀, wọ́n ní kí Mujeebat ṣí dísìkì kí àwọn fojú ara àwọn rí ohun tó ń kún un. Fáìlì tó tóbi jù ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ṣí i. Òfo! Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, òfo! Súlè, bí o bá jẹ́ Mátírọ̀nù, tí o ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀rọ omi, kí lo máa rò? Èmi gan-an, bó bá jẹ́ èmi, mo máa rò ó. Wọ́n ní ọwọ́ bà á! Ògúnjìmí ló fi òfo kún un, tó wá ń ka ọjọ́ lé wa lórí! Wọ́n pa á rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kó ìyá àgbà mẹ́rin sí i, pẹ̀lú ilà ojú.

Rẹ́rìn-ín tán kí n máa bá a lọ. O ti tán? Ó tì, ó ṣì ń bọ̀.

Lọ́jọ́rú yẹn, kéèkì ò tíì dà lọ́nà ọ̀fun wa, aago mẹ́wàá, ẹ̀rọ ní òun ò gbà mọ́. Ọmọ mẹ́ta la ti bí láàárọ̀, wọ́n ti wọlé, ìkẹrin ni Mujeebat ń tẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí àyè. Ó tún un tẹ̀. Kò sí àyè. Ni gbogbo kọ̀rídọ̀ bá pàtẹ́wọ́ fún mi! Wọ́n ní Ògúnjìmí, èyí ga o, báwo lo ṣe ṣe é? Mo ní èmi kọ́. Ojú tí mo fi sọ ọ́ náà ni mo fi ń sọ gbogbo nǹkan láyé mi, ojú kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn, mi ò ní òmíràn nílé. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Mátírọ̀nù dé. Wọ́n ní kí Mujeebat pa àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí a ò lò mọ́ rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀! Wọ́n ní, "Kò gba nǹkan wọlé, kò sì jẹ́ ká kó nǹkan jáde, ìwọ lo tì í pa." Mo ní, "Mà, akọ̀wé yìí, bó bá máa pa nǹkan rẹ́ pàápàá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé òun fẹ́ pa á rẹ́. Ibi tó máa kọ ọ́ sí ni kò sí." Kí ni kò yé èèyàn níbẹ̀? Onílé tó fẹ́ lé ayálégbé ní Bódìjà, ṣé kò ní kọ́kọ́ wá tákàdá tó máa fi kọ ọ́ pé kó jáde ni? Mátírọ̀nù wò mí títí. Wọ́n ní, "Ká kọ̀wé ká tó lè nu ìwé. Ògúnjìmí, Ọlọ́run rí ọ."

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan ní Bódìjà, Ìrẹ̀mídé, tí wọ́n ní ó mọ kọ̀ńpútà ju ẹni tó ṣe é lọ. Ọmọ dáadáa ni, bàtà ẹ̀ ń dán bíi dígí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń mí. Ó jókòó, ó wò ó, ó ní àwọn ìwé kéékèèké kan wà níbí tó kàn ń gbàyè, òun fẹ́ gbá wọn dà nù. Ìwé pélébé, Súlè! Ibẹ̀ ni ọmọ mẹ́ta àárọ̀ yẹn wà, àyè ò sí fún akọ̀wé láti dà wọ́n kọ sínú ìwé ńlá! Mo ní jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo Mátírọ̀nù. Mátírọ̀nù ní, "Má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Súlè o, ìwọ nìkan ni mo máa jẹ́wọ́ èyí fún. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àwàdà kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Mo rọra sọ ọ́ sí Ìrẹ̀mídé létí pé iná ẹ̀rọ yẹn máa ń gbé ẹni tó bá wọ bàtà aláwọ, pé sílípáàsì rọ́bà tí àwọn aláboyún ń wọ̀ ló dáa jù. Ó bọ́ bàtà, ó gba wọ́ọ̀dù lọ. Ìṣẹ́jú méje! Mo ti fláàṣì mi bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo da gbogbo ìwé pélébé yẹn kọ síbẹ̀, mo fi sápò, mo jókòó, mo ń wo àjà. Ó padà dé nínú sílípáàsì pupa tó ń kọ wẹ́ẹ́-wẹ́ẹ́, ó gbá ìwé pélébé dà nù, akọ̀wé sì dákú lọ gbári. Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ, ó jáde lọ pe ọ̀gá ẹ̀ lórí fóònù. Kó tó wọlé padà, mo ti dá ìwé pélébé náà padà fún akọ̀wé, mo ní kó máa lo orí fláàṣì tèmi ná. Ó jí! Ọmọ mẹ́ta pé ṣánṣán. Mujeebat tẹ ìkẹrin, ó wọlé. Ìrẹ̀mídé wọlé, ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó wo ẹ̀rọ, ó wo sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní, "Mo ti tún un ṣe."

Mátírọ̀nù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Wọ́n yíjú sí èmi, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Ìwé wá-sọ-tẹnu-ẹ! Mo gbà á, mo ní, "Ẹ ṣé mà, ṣùgbọ́n fláàṣì yìí kò ju èékánná lọ, dísìkì náà ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀, kò lè gbé wa kọjá ọjọ́ Ẹtì, ẹ dá fídíò oríkì dúró ná." Lánàá, wọ́n tún kó ìyá àgbà mẹ́fà sórí ẹ̀! Ọ̀kan mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dání kó máa rán òun létí.

Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí gan-an? Kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹnìtàn ìyàwó mi ti ní òun ò lè fara da mi nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo la ẹnu mi yìí sọ òótọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo bá wá fọwọ́ sí i pé àwàdà ni, lọ́jọ́ tí mo bá ní iná ń jó ní wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ṣé wọn ò ní gbé kéèkì wá? Torí náà, dìde, fọ ọwọ́ ẹ, tẹ̀ lé mi sọdá, kí o sọ fún wọn pé láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti sọ fún ọ pé dísìkì ń kún. Mo sọ fún ọ, àbí mi ò sọ? Ẹ̀n? Pé ìwọ náà rò pé ọjọ́ ìbí mi ni? Sùlàímọ́nù! O dá owó kéèkì? Ọlọ́run o!

Dúró, fóònù mi ń dún. Mujeebat ni. Ẹ̀n, Mujeebat. Mo mọ̀ pé aago mẹ́rin ti lù. Wọ́n ti ń tẹ ìdádúró mi? Kò burú. Kí lo wí? Tún un sọ, má pariwo. Ó ní kò sí àyè? Ìdádúró tèmi? Ó ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta? Mujeebat, mi ò fọwọ́ kàn án o, ọ̀dọ̀ onítáyà ni mo jókòó sí, Súlè, sọ̀rọ̀ kó gbọ́ ohùn ẹ! O gbọ́? Wọ́n ní kí n máa bọ̀? Rárá o. Ẹni tí wọ́n fẹ́ dá dúró kì í lọ bá wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Obìnrin mélòó ló ń rọbí níbẹ̀? Méjì? Ó dáa, gbọ́. Sọ fún Mátírọ̀nù pé kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Páálí kan wà níbẹ̀ tí orúkọ mi wà lára ẹ̀, Dókítà tó ni wá ló fi ránṣẹ́ láti Èkó, àwọn gan-an ló pè mí láàárọ̀ yìí pé ṣé mo ti rí i gbà. Mi ò rí i gbà, Mátírọ̀nù ló tì í pa, wọ́n ní nǹkan máa fò jáde nínú ẹ̀. Dísìkì tuntun ni, Mujeebat! Ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà níbẹ̀! Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e wá bá mi níbí, kí wọ́n dúró níwájú Súlè, kí wọ́n ní, "Ògúnjìmí, kì í ṣe àwàdà." Gbólóhùn kan péré. Kó tó di aago márùn-ún, mo ti fi sí i. Kí lo wí? Wọ́n ti ń wọ bàtà?

Súlè, wo ọ̀ọ́kán. Wò wọ́n! Wọ́n ti ń sọdá! Wo bí wọ́n ṣe na apá méjèèjì síwájú, tí wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gbé pó ọmọdé lọ dà nù. Kẹ̀kẹ́ ti dúró fún wọn, mọ́tò ti dúró. Nu bẹ́ǹṣì yẹn, jọ̀ọ́. Wọ ẹ̀wù ẹ. Kí o má rẹ́rìn-ín o! Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá fi rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní àwàdà ni, wọ́n á yí padà. Wo ojú mi, bí mo ṣe ṣe é yìí ni kí o ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sẹ́ni tó rí eyín mi rí.

Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ gbé e sórí bẹ́ǹṣì, mà, kì í bú. Bẹ́ẹ̀ ni, mà, mò ń gbọ́ yín. Ẹ rọra sún mọ́ ọn, mà, kò sí nǹkan tó máa fò. "Ògúnjìmí…" Bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Kì í ṣe…" Mò ń gbọ́, mà, ẹ kàn la ojú yín, mà, ẹ ò lè di ojú kí ẹ máa… pff… háà! Háà-háà-háà! Súlè, gbà mí! Ẹ dákun, mà, ẹ forí jì mí, kì í ṣe pé mò ń… háà-háà-háà-háà! Mà! Ẹ má gbé e padà, mà! Mátírọ̀nù! Dísìkì ni o! Òótọ́ ni mo sọ o!